Kókó onígi tuntun fún dúrọ́ọ̀ àpótí aṣọ: ẹ bá mi dá sí i

AṣọÒBáỌmọ́yẹ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ní àpótí aṣọ onídúrọ́ọ̀ kan tí igi rẹ̀ ṣì le koko, àmọ́ àwọn ìdìmú irin ara rẹ̀ ti dípẹtà, òmíràn ti tẹ̀, òmíràn ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Dúrọ́ọ̀ mẹ́fà ló ní. Kékeré méjì wà lókè, ìdìmú kọ̀ọ̀kan ló wà láàárín wọn. Ńlá mẹ́rin wà nísàlẹ̀, àwọn yẹn sì ní ìdìmú méjì méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Mo fẹ́ yọ gbogbo irin yẹn dànù, kí n fi kókó onígi róbótó rọ́pò wọn, irú èyí tó máa ń kún ọwọ́ dáadáa. Àpótí fúnra rẹ̀, mo máa kùn ún ní àwọ̀ aró. Kókó ní tirẹ̀ á wà ní àwọ̀ igi tó jẹ́.

Ibi tó ti rú mi lójú nìyí: ihò méjì méjì ni ìdìmú irin yìí ń lò, kókó ò sì nílò ju ẹyọ kan lọ. Mo ní dírìlì, mo ní tépù ìwọ̀n, mo sì ní sùúrù. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n gbé e lọ fún káfíńtà. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe é.

ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà:

Àbúrò, o káre tó o kọ́kọ́ béèrè. Má tíì ra kókó kankan, má sì tíì mú dírìlì. Yọ ìdìmú kan lára dúrọ́ọ̀ kékeré, kó o yọ ọ̀kan lára ńlá, kó o wá wọn bí igi tí súkúrúù gbà kọjá ṣe nípọn tó. Ti igi ìṣáná bọ inú ihò náà títí orí rẹ̀ á fi bá ojú igi dọ́gba lódìkejì, fi èékánná sàmì sí ibi tó ti yọ, fà á jáde, kó o gbé e lé rúlà. Má fojú díwọ̀n rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ o. Ojú dúrọ́ọ̀ kan lè jẹ́ pákó kan ṣoṣo, ti òmíràn sì lè jẹ́ pákó méjì tí wọ́n kàn mọ́ra, ti àpótí dúrọ́ọ̀ gan-an àti èyí tí wọ́n fi ṣe ẹwà síwájú.

Ìwọ̀n yìí ló máa sọ bí súkúrúù ṣe máa gùn tó, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń dojú rú. Súkúrúù tó ń bá kókó wá láti ọjà sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 25, ìyẹn bí íǹṣì kan. Pákó kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Tó o bá fi í sí pákó méjì, kò ní dé inú kókó rárá.

Kókó onígi náà, oríṣiríṣi ni. Dojú rẹ̀ délẹ̀ kó o wo ìdí rẹ̀ kó o tó sanwó. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni èyí tí wọ́n ri idẹ oníhò mọ́ nídìí, tí eyín súkúrúù wà nínú idẹ náà. Súkúrúù á gba inú dúrọ́ọ̀ wá, á sì dì í mú láti ẹ̀yìn. O lè tú u, kó o tún dì í nígbàkígbà, igi ò ní jẹ. Òmíràn ní ihò lásán nídìí, súkúrúù igi ni tirẹ̀. Òmíràn sì wà tó ní irin ẹlẹ́nu méjì: eyín tó ń jẹ igi wà lápá tó wọ inú kókó, eyín nọ́ọ̀tì wà lápá kejì, nọ́ọ̀tì lo máa fi dì í láti inú dúrọ́ọ̀. Ìyẹn náà dára, àmọ́ ẹnu irin rẹ̀ á yọ sínú dúrọ́ọ̀, aṣọ á sì máa há sí i, àfi tó o bá lo nọ́ọ̀tì tí orí rẹ̀ dí.

Tó o bá máa ra súkúrúù lọ́tọ̀, M4 ni wọ́n ń lò níbi púpọ̀, àmọ́ kókó tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń gba 8-32. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. M4 fẹ̀ ní mìlímítà 4, 8-32 fi díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, eyín wọn ò sì jìnnà síra bákan náà. Èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ á wọlé ní yíyí kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà á kọ̀. Tó bá ti kọ̀, má fipá mú un. Idẹ ò le, eyín inú rẹ̀ á jẹ ráúráú.

AṣọÒBáỌmọ́yẹ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wọ̀n ọ́n. Ti kékeré jẹ́ mìlímítà 19. Ti ńlá jẹ́ 31, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ, pákó méjì ni lóòótọ́. Ihò méjèèjì tí ìdìmú kọ̀ọ̀kan ń lò fi mìlímítà 96 jìnnà síra. Dúrọ́ọ̀ ńlá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90. Kókó tí mo fojú sí fẹ̀ ní mìlímítà 38 lórí, ìdí rẹ̀ tó 22, onídẹ ni, ihò inú idẹ náà sì jìn tó 10.

ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà:

Ó kù díẹ̀ kó yanjú. Ní ti kékeré, súkúrúù 25 á fi mìlímítà 6 wọ inú idẹ, ìyẹn tó dì í mú. Má fi 30 sí i. Àyè tó wà, tá a bá ro igi pọ̀ mọ́ ihò, 29 péré ni; ẹnu súkúrúù á kan òpin ihò kó tó fún, kókó á sì máa mì lọ́wọ́ rẹ. Ní ti ńlá, 31 àti 10 jẹ́ 41, nítorí náà 40 ni tirẹ̀, pẹ̀lú wọ́ṣà pẹlẹbẹ kan lábẹ́ orí rẹ̀. Oríṣi súkúrúù méjì lo máa rà nìyẹn.

ÌyáÌbejì:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ẹ dín iṣẹ́ kù. Kì í ṣe gbogbo ihò lo máa dí. Dúrọ́ọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́rin, kókó méjì lo sì fẹ́ fi síbẹ̀. Mú ihò kan nínú méjì lápá òsì, kó o mú ìkejì rẹ̀ gan-an lápá ọ̀tún, kó o dí èyí tó kù. Ihò tí àwọn tó kan àpótí ti wọ̀n tó gún régé ni wọ́n, kí ló dé tó o máa dí wọn kó o tún wá lu tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Àwọn dúrọ́ọ̀ kékeré méjì tó wà lókè nìkan ló máa gba ihò tuntun, torí àárín ihò méjèèjì ni kókó wọn máa bọ́ sí.

Ohun kan ṣoṣo tó o máa yẹ̀ wò ni pé kí ihò àtijọ́ má fẹ̀ jù. Tí ẹnu dírìlì mìlímítà 5 bá wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìmì, ó dáa fún M4.

AyùnMímú:

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì gún, àmọ́ ẹ ò sọ ihò èwo nínú méjèèjì. Mo mọ̀ pé ihò ìta ni ọ̀pọ̀ máa mú, torí ojú fẹ́ràn kó rí bẹ́ẹ̀, kókó á súnmọ́ etí, àárín á mọ́ lófo. Èmi ò fara mọ́ ọn. Dúrọ́ọ̀ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, pàápàá èyí tó ń rìn lórí igi, tí kò ní irin tó ń yọ̀ lábẹ́, tó o bá fi ọwọ́ kan fa kókó etí, á wọ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, á sì há. Bí kókó ṣe jìnnà sí àárín tó ló ṣe máa há tó. Ihò inú ni kó o mú.

ÌyáÌbejì:

Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ máa ń fi ọwọ́ kan fa dúrọ́ọ̀ tó kún fún aṣọ. Ọwọ́ méjì la ṣe fi kókó méjì síbẹ̀. Tí ọwọ́ méjèèjì bá fà á, kò síbi tó ń há sí.

AyùnMímú:

Màmá, nígbà tí ọmọ bá wà lápá ńkọ́?

ÌyáÌbejì:

Ìyẹn tún yàtọ̀. Mo gbà.

ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà:

Ẹ má jẹ́ ká fi ẹnu parí rẹ̀. Àbúrò, kó o tó yọ àwọn ìdìmú irin tó kù, di ìdìmú kan ṣoṣo mú lápá ọ̀tún dúrọ́ọ̀ ńlá, kó o fà á nígbà tí aṣọ ṣì wà nínú rẹ̀. Kọ́kọ́ dì í mú níbi ihò ìta, lẹ́yìn náà níbi ihò inú. Tí kò bá há níbi méjèèjì, èyí tó wu ojú ni kó o mú. Tó bá ń há, ti Ayùn lo máa gbà. Kó o tó pinnu, fi tépù oníbébà lẹ kókó mọ́ ojú dúrọ́ọ̀, kó o rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, kó o wò ó láti ibẹ̀. Ohun tó dà bíi pé ó tọ́ nígbà tó o súnmọ́ ọn lè má rí bẹ́ẹ̀ lókèèrè.

KùnúnKóDán:

Ẹ dákun, gíga rẹ̀ ńkọ́? Mo máa ń rí àpótí tí kókó wà ní àárín gbùngbùn, mo sì máa ń rí èyí tó wà lókè díẹ̀.

AyùnMímú:

Tí ihò àtijọ́ bá wà, gíga ihò àtijọ́ ni kó o tẹ̀ lé, bíbẹ́ẹ̀ kọ́ ojú dúrọ́ọ̀ á rí wọ́gọwọ̀gọ. Lórí pákó tí kò tíì ní ihò, ó wà lọ́wọ́ gíga dúrọ́ọ̀. Tí kò bá ga, àárín gbùngbùn ló yẹ ẹ́. Dúrọ́ọ̀ tó ga gan-an, tó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, o lè gbé kókó rẹ̀ sókè díẹ̀, kéèyàn má baà máa tẹ̀ ba kó tó rí i dì mú. Ojú pẹ̀lú tún máa ń rí àárín gbùngbùn bíi pé ó ti rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn káfíńtà kan fi máa ń fi mìlímítà mélòó kan gbé e ga. Àmọ́ tó o bá gbé ọ̀kan ga, gbogbo rẹ̀ ló máa ga bákan náà.

ÌyáÌbejì:

Láti rí àárín gbùngbùn kò nílò ìṣirò. Fi rúlà gígùn fa ìlà láti igun òkè òsì dé igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún, kó o fa òmíràn láti igun òkè ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ òsì. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni. Orí tépù oníbébà ni kó o fa ìlà náà sí, má fà á sórí igi.

Kó o tó ṣe ìyẹn lórí dúrọ́ọ̀ kejì, gé páálí tó le, kó fẹ̀ kó sì ga bíi ojú dúrọ́ọ̀ náà gẹ́lẹ́, kó o lu ihò kan síbi tí kókó máa wà. Gbé páálí náà lé ojú dúrọ́ọ̀, kí etí òkè wọn bára mu, kó o fi ìlu gún ojú ihò náà. Dúrọ́ọ̀ kejì á bá àkọ́kọ́ mu láìjẹ́ pé o wọn nǹkan kan mọ́. Kọ "òkè" sára páálí náà o, torí tí ẹnì kan bá dojú rẹ̀ délẹ̀ láìmọ̀, kókó kan á fi ẹ̀gbẹ́ wo èkejì.

AṣọÒBáỌmọ́yẹ:

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ ṣé, Màmá. Ó ku bí mo ṣe máa dí ihò tó kù, àti bí mo ṣe máa lu tuntun láìfọ́ ojú pákó.

ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà:

Kọ́kọ́ dí, kó o tó lu. Níwọ̀n bó o ti fẹ́ kun àpótí náà, ìdíhò á rọrùn fún ẹ. Ká ní o fẹ́ kí igi náà hàn bó ṣe wà ni, iṣẹ́ ńlá ni ì bá jẹ́, torí pọ́tì, ìyẹn ohun rírọ̀ tí a fi ń dí ihò, kì í gba fáníìṣì bí igi ṣe ń gbà á. Àbàwọ́n róbótó méjì á máa wò ẹ́ títí láé. Ẹni tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kó lo pákó pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn kókó, tó gùn tó láti bo ihò méjèèjì.

Ní tìrẹ, má kàn fi pọ́tì kún ihò tó la igi já. Á já bọ́ sínú dúrọ́ọ̀, tàbí kó sún kì, kó di kòtò kékeré tó máa hàn lẹ́yìn tí ọ̀dà bá gbẹ. Lu ihò àtijọ́ náà fẹ̀ sí mìlímítà 6, ra ọ̀pá igi róbótó tó fẹ̀ ní mìlímítà 6, fi gúlúù igi kùn ún, kó o fi òòlù rọra kàn án wọlé. Jẹ́ kó rì wọlé ní bíi mìlímítà 2 sí ojú pákó. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ rì ni pé ọ̀pá yẹn dúró lòdì sí bí iṣan pákó ṣe lọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù tàbí tó bá gbẹ, pákó á wú tàbí kó sún kì, ọ̀pá ò ní bá a lọ bákan náà. Tó bá dọ́gba pẹ̀lú ojú pákó, lọ́jọ́ kan wàá rí òrùka rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà. Tó bá rì, pọ́tì á bò ó mọ́lẹ̀. Lo pọ́tì olómi méjì tí a máa ń pò pọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì. Jẹ́ kó yọ sókè díẹ̀, kó gbẹ, kó o wá fi sáńpépà 120 ha á bọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà 180 tó kúnná jù ú lọ. Pa ojú rẹ dé kó o fi ìka tọ́ ibẹ̀. Tí ìka ò bá mọ ibi tó wà, ọ̀dà náà ò ní mọ̀ ọ́n.

Tí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára àpótí yẹn, tó sì ti pẹ́ gan-an, má ha á ní gbígbẹ. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́. Amẹ́ríkà pàápàá ò fi òfin dè é nínú ọ̀dà ilé títí di 1978. Fi omi rẹ sáńpépà tí omi ò lè bà jẹ́, kí eruku má fò, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí.

Wàyí o, lílu. Lẹ tépù oníbébà mọ́ ibi tó o fẹ́ lu, fi ìlu gún ojú àmì náà kí ẹnu dírìlì má baà yọ̀ kúrò. Iwájú ni kó o ti lu, ẹ̀yìn kọ́, torí ibi tí ẹnu dírìlì ti ń jáde ni igi ti máa ń ya. Fi pákó tí kò wúlò há ẹ̀yìn ibẹ̀, kó o fi kílámpù dì í mọ́ra gírígírí. Kọ́kọ́ fi ẹnu mìlímítà 2 lu, lẹ́yìn náà 5. Mìlímítà 5 yẹn ju M4 lọ díẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n mọ̀ sọ ọ́ ni: àyè kékeré yẹn ló máa jẹ́ kó o lè sún kókó síhìn-ín sọ́hùn-ún títí táá fi tò. Gbé nǹkan oníigun mẹ́rin, bí àpótí kékeré, sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírìlì kó o lè mọ̀ bóyá ó dúró ṣánṣán. Tó bá dagun lórí pákó 31, kókó á fi ojú kan kàn igi, ojú kejì á là.

ẸnuÌlẹ̀kùn:

Ẹni tí kò ní dírìlì ńkọ́ o? Wọ́n ní èèyàn lè fi ìṣó gbígbóná lu ú.

AyùnMímú:

Ìṣó gbígbóná á lu ú lóòótọ́, àmọ́ á sun igi náà dúdú yí ká, ibi tó bá sì ti jó ti rọ̀, kì í di nǹkan mú. Dírìlì ọlọ́wọ́ tí a máa ń yí wà, tàbí ìlu ẹlẹ́nu lílọ́ tí ọwọ́ lè yí. Pákó 19 kò le jù fún un. Ó máa lọ́ra, kò burú.

KùnúnKóDán:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara kókó fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń kàn jù lára àpótí, tí òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Má dì í mọ́ dúrọ́ọ̀ kó o tó kùn ún. Gbé páálí kan, fi súkúrúù gun un láti ìsàlẹ̀, kó o de kókó mọ́ orí rẹ̀. Wàá lè yí i ká láìfọwọ́ kàn án, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbẹ bákan náà.

Fi sáńpépà 120 ha á, lẹ́yìn náà 180, kó o fi 240 parí rẹ̀, máa tẹ̀ lé bí iṣan igi ṣe lọ. Fi aṣọ tó lómi díẹ̀ nù ún, jẹ́ kó gbẹ, irun igi á dìde. Fi 240 gé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà fáníìṣì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Má jẹ́ kó ṣàn wọ inú idẹ, tàbí kó o fi bébà kékeré dí ẹnu rẹ̀. Tó o bá fẹ́ òróró, òróró linseed máa ń mú igi tàn dáadáa, àmọ́ ìfọwọ́kàn ojoojúmọ́ á tètè fọ̀ ọ́ lọ. Kí ẹ sì gbọ́ tèmi lórí àkísà tí ẹ fi nu ún: òróró yẹn máa ń gbóná bó ṣe ń gbẹ, àkísà tí wọ́n ká jọ sójú kan lè gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta títí á fi le gan, tàbí kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sínú omi nínú agolo onídèérí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà aró yẹn náà: jẹ́ kó gbẹ dénú kó o tó de kókó mọ́ ọn. Gbígbẹ ojú kọ́ ni gbígbẹ inú. Ọ̀dà olómi lè má lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, síbẹ̀ kó gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó le. Tó o bá de kókó mọ́ ọn ní kíákíá, ìdí kókó á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Lọ́jọ́ tó o bá tú u, á bó ọ̀dà náà lọ ní òrùka.

AṣọÒBáỌmọ́yẹ:

Èyí wúlò gan-an. Mo ń ronú láti de wọ́n lọ́jọ́ kejì tí mo bá kùn ún tán tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí n fún un, báwo ni kí n ṣe mọ ìgbà tó ti tó?

ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà:

Fi ọwọ́ ọ̀tún mú súkúrúùdíráfà nínú dúrọ́ọ̀, fi ọwọ́ òsì di kókó mú níwájú. Fi ọwọ́ yí i títí ìdí kókó á fi kan igi, kó o wá fi ìdá mẹ́rin ìyípo kan lé e. Tí kókó ò bá yí mọ́ nígbà tó o fi ìka méjì gbìyànjú, dúró. Má lo dírìlì láti dì í. Agbára dírìlì á fa idẹ jáde kúrò nínú kókó. Tó bá ti jáde, gúlúù olómi méjì tó le ló lè dá a padà, kó o rí i pé kò kan eyín inú rẹ̀.

AyùnMímú:

Ẹni tí kókó rẹ̀ ní ihò lásán láìsí idẹ, kó fi ẹnu dírìlì tó kéré sí súkúrúù lu ihò àkọ́kọ́ ná. Bíi mìlímítà 3 fún súkúrúù igi tó fẹ̀ ní mìlímítà 4, tí igi náà bá le. Kó fi àbẹ́là pa súkúrúù kó tó yí i wọlé, á lọ wọ́ọ́rọ́. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kókó á là sí méjì lójú ẹni. Tí ihò náà bá ti jẹ tẹ́lẹ̀, kó fi gúlúù sí igi ìtayín kan tàbí méjì, kó ti i bọ ibẹ̀, kó gé e dọ́gba nígbà tó bá gbẹ.

ẸnuÌlẹ̀kùn:

Tèmi máa ń yí lọ́wọ́ mi ni. Màá dì í lónìí, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á tún máa yí gbirigbiri. Kí ló fà á?

ÌyáÌbejì:

Igi ni, igi máa ń mí. Lásìkò ọ̀rinrin á wú, lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ á sún kì, súkúrúù ò sì bá a sún kì. Àyè á wá ṣí sílẹ̀.

ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà:

Ohun tí Màmá sọ nìyẹn gan-an. Fi wọ́ṣà eléyín sábẹ́ orí súkúrúù nínú dúrọ́ọ̀, eyín rẹ̀ á jẹ igi, orí súkúrúù ò ní yí padà. Kó o fi rọ́bà tín-ínrín tàbí aṣọ fẹ́ẹ́lì (felt) tí o gé róbótó sáàárín ìdí kókó àti ojú dúrọ́ọ̀. Ìyẹn á máa tì wọ́n sí ara wọn bí igi bá tilẹ̀ sún kì, kò sì ní jẹ́ kí kókó ha ọ̀dà. Tí ìyẹn náà ò bá mú un, gúlúù ìdìsúkúrúù aláwọ̀ búlúù wà, ẹ̀kán kan péré lórí eyín M4. Pupa kọ́ o. Ìyẹn kì í tú tí a kò bá fi iná yọ́ ọ. Má sì lò ó lórí súkúrúù igi, kò wúlò fún un níbẹ̀.

Tí kókó náà kì í bá ṣe róbótó, ká ní ó gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí ó ní ọnà lára, tí o ò sì fẹ́ kó yí kúrò lójú kan, kan ìṣó tín-ínrín kan sí ìdí rẹ̀, gé orí ìṣó náà kí ó yọ tó mìlímítà 2, kí ó wọ ihò kékeré kan lára ojú dúrọ́ọ̀. Kò ní yí mọ́ láéláé.

KùnúnKóDán:

Ẹni tí kò bá rí súkúrúù 40, tó rí 45, kò gbọ́dọ̀ sọ ìrètí nù. Kó kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀tì kan gùn ún, kó fi ayùn irin gé e níbi tó fẹ́, kó fi fáìlì pa ẹnu rẹ̀, kó wá tú nọ́ọ̀tì náà kúrò. Bí nọ́ọ̀tì ṣe ń jáde ló máa tún eyín tí ayùn bà jẹ́ ṣe. Ẹ̀mú àwọn oníná míì náà ní ihò tí a fi ń gé súkúrúù, ìyẹn mọ́ ju ti ayùn lọ.

AyùnMímú:

Ọ̀rọ̀ kan sí àwọn tí àpótí tiwọn kì í ṣe igi gidi, tó jẹ́ ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gúlúù tẹ̀ pọ̀, MDF tàbí irú rẹ̀. Wọ́ṣà pẹlẹbẹ tó fẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ orí súkúrúù tiyín, bíbẹ́ẹ̀ kọ́ orí súkúrúù á máa rì wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń fa dúrọ́ọ̀.

ÌyáÌbejì:

Ní ilé tí ọmọ wẹ́wẹ́ bá wà, ẹ máa dán kókó wò lóòrèkóòrè. Kókó tó bá tú bọ́ sílẹ̀, ẹnu ló máa gbà lọ. Ẹ sì fi irin de ẹ̀yìn àpótí náà mọ́ ògiri, torí kókó tó dára láti dì mú ni ọmọ máa fi ṣe àkàsọ̀.

AṣọÒBáỌmọ́yẹ:

Màmá, ẹ ṣeun. Mo ti gbé e sọ́kàn. Ìlànà tí mo fi tò ó rèé, ẹ wò ó bóyá ó lẹ́sẹ̀: màá dán fífà wò kí n lè mọ ihò tí màá mú, màá dí àwọn ihò tó kù, màá lu tuntun sára kékeré méjì, màá kun àpótí, màá fáníìṣì kókó nígbà tí ọ̀dà ń gbẹ, lẹ́yìn náà màá dè wọ́n. Kókó 10 ni mo nílò, méjì lókè, mẹ́jọ nísàlẹ̀.

ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà:

Ó lẹ́sẹ̀. Bó o bá kun àpótí tán, ti ẹnu dírìlì 5 bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan kó o fi ọwọ́ yí i, kí ọ̀dà tó gbẹ síbẹ̀ lè kúrò. Àmọ́ má ra 10, ra 12. Igi tí wọ́n bá gbé dé lẹ́yìn èyí lè má ní àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n rẹ̀ pàápàá lè yàtọ̀ díẹ̀. Lo ọ̀kan nínú méjì tó lé yẹn láti dán fáníìṣì wò, kó o gbé e sí ẹ̀gbẹ́ aró náà, kó o tó fọwọ́ kan àwọn tó kù.

AṣọÒBáỌmọ́yẹ:

12 ni mo ti kọ sílẹ̀ báyìí, pẹ̀lú súkúrúù 25 fún méjì, 40 fún mẹ́jọ.